Ihò Tí Kì Í Gba Nǹkan Wọlé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ilé rẹ. Ara mi le. Etí mi nìkan ni kò padà sí ààyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yé pè mí lórí fóònù. Ariwo bí ẹni ń din nǹkan ni mò ń gbọ́, màá sì máa dáhùn "ó dáa, ó dáa" bí òpònú. Ohun tí o bá fẹ́ bá mi sọ, kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹrù rẹ dé. Mo dúpẹ́. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí.

Kọ̀ǹpútà àgbélétan tí o fi ránṣẹ́ yìí, ta ni o rà á fún? Mo yọ ọ́ nínú páálí, mo rò pé ìdérí nǹkan mìíràn ni. Mo gbé e sórí tábìlì nínú pálọ̀, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtẹ̀wé mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gbogbo wọn sì na ọrùn bí ẹni ń wo inú kànga. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tí mo sọ fún ọ pé ó ń tẹ lẹ́tà bí ẹni ń fọn fèrè ọkọ̀, wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ni?" Mo ní kí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tún burú ju ojú rẹ̀ lọ. O mọ̀ pé lórí kíbọ́ọ̀dù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kókó kékeré kan máa ń wà lórí F àti lórí J, kí ìka lè mọ ilé rẹ̀ láìwo ilẹ̀. Ti ìwọ yìí tẹ́jú gbalaja. Ń ṣe ni mò ń fọwọ́ táràrà kí n tó mọ ibi tí mo wà, nínú pálọ̀ ara mi.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá àtijọ́, èyí tí orí, ara àti ojú rẹ̀ jọ wà nínú férémù kan, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè ní Àgbà, ọpọlọ rẹ̀ ti ń kú lọ. Bí mo bá tan án, mo lè wẹ̀, kí n wọṣọ, kí n sì gbálẹ̀ kó tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì fẹ̀ bíi fèrèsé. Báwo ni màá ṣe so àgbélétan rẹ mọ́ Àgbà, kí kékeré máa ronú, kí ńlá máa fi í hàn? Ìwọ ni o sọ pé kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ. Sọ fún mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú o. Èmi náà wà dáadáa, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n mí. Ẹ mọ̀ pé èmi ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa máa ń pè tí kọ̀ǹpútà wọn bá kọṣẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti dá ogójì ènìyàn lóhùn, márùndínlógójì nínú wọn ni kò fi iná sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbé Àgbà yẹn sọnù. Níbí, ẹ̀gbẹ́ títì là ń gbé irú rẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àgbélétan tí mo rà fún yín, òun ni gbogbo ènìyàn ń lò láyé ìsinsìnyí. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kéré, tiyín ni kò tíì mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n nítorí mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbọ́, ẹ ṣe báyìí. Okùn kan wà nínú páálí tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ ki orí kan bọ àgbélétan, ẹ ki orí kejì bọ ihò tó bá a mu lẹ́yìn Àgbà. Ó tán. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ pa á, ẹ tún un tan. Ọmọ ọdún méje ń ṣe é níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ́tà máa ṣe kúkúrú. Ojú ewé mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ gíláàsì!

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ kò kí mi bó ṣe yẹ. "Ẹ kú ìrọ́jú" lo fi bẹ̀rẹ̀. Ìrọ́jú kí ni? Ta ló sọ fún ọ pé mò ń rọ́jú?

Lẹ́tà rẹ ló wà nínú àpò ìwé yìí, mo dá a padà. Mo ti fi bírò pupa sàmì sí i, bí mo ti ń ṣe fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ìka méjì lo fi tẹ̀ ẹ́, má jiyàn, nítorí o fò níbi tí kò yẹ kí o fò, o sì tẹ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì níbi mẹ́fà. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtẹ̀wé. Àwọn tí mo kọ́ wà ní ilé ẹjọ́, wọ́n wà ní báńkì, ọ̀kan ń tẹ̀wé fún adájọ́. Èyí tí mo bí nínú ara mi ló ń ṣa lẹ́tà bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

Ní ti okùn rẹ: mo ki orí kan bọ ìhín, mo ki orí kejì bọ ọ̀hún. Ojú Àgbà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pa á, mo tún un tan, nígbà mọ́kànlá, mo kà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejìlá ni mo ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, èyí tí a ń pè ní Ó-Kù-Díẹ̀, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí o béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ó tànmọ́lẹ̀ sí ihò náà, ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà," ó ní, "ihò yìí, ìta nìkan ló mọ̀. Àwòrán lè gba ibẹ̀ jáde, kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ṣe é kí Àgbà lè fi tiẹ̀ han ẹlòmíràn ni, kì í ṣe kí ó gba ti ẹlòmíràn."

Mo ní mo mọ ẹnì kan tí wọ́n ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀ sí lórí.

Ọmọ ọdún méje ń ṣe é! Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bóyá kí o wá ọmọ ọdún méje náà lọ, kí ó bá ọ ṣe iṣẹ́ rẹ, kí ìwọ lọ sinmi.

Ó-Kù-Díẹ̀ ní ọ̀nà kan wà. A ó ṣí ẹ̀yìn Àgbà, a ó kó ọpọlọ tó ti ń kú náà jáde, a ó sì fi pákó kékeré kan rọ́pò rẹ̀, pákó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gba àwòrán wọlé, kí ó gbé e fún gíláàsì. Òun kò rí i rà níbí, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé ó wà lọ́dọ̀ yín. Ó ti ṣí Àgbà wò, ó ti da nọ́mbà ẹ̀yìn gíláàsì náà kọ, ó sì ti tún ẹ̀yìn rẹ̀ dé. Wá pákó tó bá nọ́mbà náà mu, kí o fi ránṣẹ́. Nọ́mbà náà nìyí nísàlẹ̀.

Ìyá rẹ

215 – 0473 – B


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, kí ẹ má baà sọ pé n kò kí yín tó.

Lẹ́tà tí ẹ fi bírò pupa kùn dé. Ọ̀gá mi rí i lórí tábìlì mi, ó ní ṣé mo ti padà sí ilé ìwé ni. Inú yín dùn báyìí.

Atúnrédíòṣe lẹ tún lọ bá! Ẹ ní ọmọ tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà, atúnrédíòṣe lẹ pè. Ọ̀rọ̀ ihò yẹn lè rí bó ṣe wí, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n a kò nílò ihò rárá. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjèèjì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà nínú ilé. Lórí Àgbà, ẹ lọ síbi ètò, ẹ gbà kí ó jẹ́ ojú fún kọ̀ǹpútà mìíràn. Lórí àgbélétan, ẹ ní kí ó wá ojú tó wà nítòsí. Àwòrán á gba afẹ́fẹ́ kọjá. Kò sí okùn, kò sí Ó-Kù-Díẹ̀.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan, bó bá tilẹ̀ dùn yín. Ta ló ṣì ń kọ́ ìtẹ̀wé? Níbí, ènìyàn ń sọ̀rọ̀ sí fóònù, fóònù á kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́fà tó ń wá sí pálọ̀ yín, aájò yín ni wọ́n ń ṣe, wọ́n kàn ń bá yín jókòó ni. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kí ló fẹ́ fi ìtẹ̀wé ṣe? Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ pa ilé-ẹ̀kọ́ yẹn dé, kí ẹ sinmi.

Tàbí ojú ni? Gbogbo lẹ́tà yín, gíláàsì, gíláàsì, gíláàsì. Bó bá jẹ́ ojú ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún mi ní tààrà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí fóònù rẹ tó ń bá ọ kọ̀wé. Nígbà tí o bá darúgbó, kí òun náà máa bá ọ jókòó.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ awakọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń tẹ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ọ̀nà fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ti dé ojú ewé kọkànlélógójì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìlà méjì ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, òógùn á sì máa kán sórí kíbọ́ọ̀dù. Nísinsìnyí kì í wo ilẹ̀ mọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ló kọ́ ohun tí ìwọ kò lè kọ́ ní ọmọ ọdún méjìlá, tí o ń sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òun lo ní ó ń ṣe aájò mi?

Ní ti afẹ́fẹ́ rẹ: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tò ó bí o ṣe wí. Mo tẹ A. Mo wúkọ́. Mo nu imú. Ẹyọ A náà wá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lójú Àgbà bí àlejò tí kò dá a lójú pé ilé tó ń wá nìyí. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ gan, ó sì ṣú. Pákó ńkọ́? Nọ́mbà tí mo kọ sí ọ ńkọ́? O kò ka lẹ́tà mi dé ìsàlẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí o ní kí n gbé sọnù yìí, òun ni mo fi bò ọ́ láṣìírí, òun ni mo fi tẹ ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ wọ orílẹ̀-èdè tí o wà.

O bi mí nípa ojú. Ó dáa, màá dá ọ lóhùn. Dúró, òjò ti ń fọ́n wọlé, jẹ́ kí n ti fèrèsé.

pki pyim ,o yo ;p/ yo pdo m yr;r r/ m lp dp gim rmolrmo/ rti m ns ,o/ es lo m to p lo p yp di/

Mo dìde lọ mumi, mo ti padà. Mo ti sọ ọ́, n kò ní sọ ọ́ mọ́. Má fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ àbúrò mi, nítorí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó máa bá mi fi lẹ́tà yìí sínú àpò mọ̀ pé bí òun bá kà á, mo lé òun nìyẹn. Èmi náà kì í tún lẹ́tà mi kà. Ogójì ọdún, ìka mi kò ṣìnà rí.

Mò ń retí ìdáhùn rẹ. Tètè kọ ọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. N kò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ni.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ ṣe ń bú mi, ẹ̀rín ń pa mí, mo ní ìyá mi nìyí. Mo wá dé ibì kan. Mo gé ibẹ̀, ó wà nínú àpò ìwé yìí, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe èdè kankan. Ẹni tí orí rẹ̀ pé kò lè tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo pe àbúrò yín. Ẹ ní kí n má fi ohunkóhun lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni kí n pè? Ó ní òun náà ti ń fura. Ó ní ẹ pàdé òun lójú títì, ẹ kọjá, ẹ kò kí òun. Ó ní ẹ da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife níṣojú òun, ẹ sì gbé ife òfìfo náà fún òun pé kí òun mu. Màmá, n kò fẹ́ ká fọ̀rọ̀ gígùn tan ara wa. Ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe ẹ̀bi yín.

A ti fẹnu kò. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, àbúrò yín á mú ọkọ̀ akẹ́rù wá. Wọ́n á kó àwọn tábìlì àti àwọn ẹ̀rọ inú pálọ̀ lọ tà, ẹ̀yin á sì bá a lọ sílé rẹ̀. Yàrá yín ti wà nílẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ dáadáa. Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kí wọ́n máa wá ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ Àgbà àti gíláàsì rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí.

Ẹ má jà, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

N kò kí ọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó wo ègé ìwé tí o gé. Mo rò pé o ti gbọ́ ohun tí mo sọ, pé ìdáhùn rẹ sí i ni pé kí wọ́n wá fi ọkọ̀ akẹ́rù kó mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Awakọ̀ dé, mo dá a padà sílé. Mo ní, irú ọmọ wo ni mo bí yìí?

Ní ọjọ́ kẹta ni mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé ègé ìwé náà. Ojú tì mí, kí n má parọ́. Ogójì ọdún mo ń fi pákó na ìka ọmọ ọlọ́mọ nítorí ohun tí èmi náà ṣe yìí. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn kò pẹ́ tó fi di ìbínú, nítorí ìwọ, ọmọ tíṣà ìtẹ̀wé, tí o jókòó sí pálọ̀ mi láti ìgbà tí o ti ń rákò, o rí ìwé yẹn, o ní ìyá òun ti ya wèrè! O kò rí i pé ìka ló ṣì ilé? Mo dìde lọ ti fèrèsé. Mo padà, mo jókòó, mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù játijàti tí o rà fún mi, èyí tí F àti J rẹ̀ tẹ́jú gbalaja, mo sì gbé e lé ẹyọ kan sí ọ̀tún ibi tó yẹ. Gbogbo ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, ní ilé onílé. Bí ojú Àgbà bá wà níwájú mi, ǹ bá ti rí i lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí mo ń wí láti oṣù kejì nìyẹn.

Wèrè kì í ṣe àṣìṣe tó lọ geere báyìí. Ọmọ ọdún méje tó wà lọ́dọ̀ yín ì bá ti mọ̀.

N kò ní tún un tẹ̀ fún ọ. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbà mí lágbára. Mo dá ègé ìwé náà padà, iṣẹ́ àmúrelé rẹ nìyẹn. Gbé kíbọ́ọ̀dù síwájú. Ẹyọ tí o bá rí, mú èyí tó wà lápá òsì rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àbúrò mi ti wá wọn àwọn tábìlì mi pẹ̀lú okùn tó fi ń wọn aṣọ. Mo jókòó, mò ń wò ó. Bí o bá ka ohun tó wà níbẹ̀ tán, tí o ṣì fẹ́ kí wọ́n wá kó mi lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí wọ́n máa bọ̀. Wọn yóò bá mi lórí àga mi, wọn yóò sì gbé èmi àti àga pọ̀.

Tíṣà


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ìwé yìí.

Ọ́fíìsì ni lẹ́tà yín bá mi. Mo gbé kíbọ́ọ̀dù síwájú, mo gbé ègé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. P, mo sún sí òsì, ó di O. K di J. I di U. Nígbà tí mo rí "ojú", mo fa àga súnmọ́ tábìlì. Fóònù tábìlì mi ń dún, n kò gbé e. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mo kà á dé ìsàlẹ̀:

"Ojú ọ̀tún mi ti lọ. Ti òsì ń tẹ̀lé e. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Wá, kí n rí ọ kí ó tó ṣú."

Láti oṣù méjì ni ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, tí mo ń pè é ní wèrè.

Mo ti pe àbúrò yín lójú ẹsẹ̀. Kò sí ọkọ̀ akẹ́rù mọ́. Nígbà tí mo kà á fún un, ó sunkún. Ó ní ìdí tí ẹ kò fi kí òun lójú títì nìyẹn, tí òun sì lọ ń bínú nílé. Ó máa mú yín lọ rí dókítà ojú ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ.

Mo wá lẹ́tà yín ti oṣù kẹta jáde. Nọ́mbà yẹn wà nísàlẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi rí pákó tó bá a mu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá! Mo ti fi í ránṣẹ́. Okùn pẹlẹbẹ kan á ti ara pákó náà lọ sí ẹ̀yìn gíláàsì, òmíràn á mú iná wá, ihò kẹta sì ni ti àgbélétan. Èyí ń gba nǹkan wọlé. Kí Ó-Kù-Díẹ̀ rí i pé kò sí iná lára Àgbà kí ó tó fọwọ́ kàn án, kí ó má sì fi ọwọ́ tẹ àárín gíláàsì. Òun ló mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù. Mò ń bọ̀ láìpẹ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ó pẹ́ tí mo ti kí ọ tọkàntọkàn, gbà á kó tó tutù.

Dókítà ojú jẹ́ ọmọ kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo dití pátápátá. Ó ní ti ọ̀tún ti lọ, kò ní padà. Ti òsì, ó fún mi ní oògùn tí wọn ó máa kán sí i ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ó lè dá a dúró. Mo bi í pé fún ìgbà wo. Ó kọ ọjọ́ tí màá padà wá sára páálí oògùn. Àbúrò mi ló ń kán an fún mi, ó sì ń kán ìdajì rẹ̀ sí mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wọn àwọn tábìlì mi dáadáa nígbà tó fẹ́ tà wọ́n, ojú kan ṣoṣo ni kò lè wọ̀n.

Pákó dé. Ó-Kù-Díẹ̀ fi ọjọ́ méjì ṣe é lórí tábìlì pálọ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dúró yí i ká. Ó kó ọpọlọ Àgbà jáde, ó kún ike kan. Nígbà tó tẹ iná, ojú Àgbà funfun láti etí dé etí, àwòrán àgbélétan rẹ játijàti sì tàn síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò wúkọ́, kò nu imú. Awakọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Tíṣà, ìyá rẹ̀ ti dé!" Ó-Kù-Díẹ̀ ní ó ti tán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ nìyí, mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ sórí F àti J, ó gbẹ, ó di kókó. Ìka mi ti mọ ilé rẹ̀.

A sọ lẹ́tà di ńlá. Ẹyọ A kan ṣoṣo tó ẹ̀ṣẹ́ mi. Mo jókòó, mo ṣí gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí ọ láti oṣù kejì, mo sì kà wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí àṣìṣe mẹ́sàn-án. Mo fún ara mi ní máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá, n kò sì fún ara mi ní àlékún kankan. Ìpínrọ̀ tó ṣìnà yẹn, mo wò ó títí. N kò ní tún un ṣe. Ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló burú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé.

Ní ti lẹ́tà rẹ tó dé gbẹ̀yìn: máàkì mẹ́sàn-án. Èyí tó ga jù tí mo fún ọ rí nìyẹn. O pàdánù ẹyọ kan, nítorí pé o kọ "ẹ má bẹ̀rù, mò ń bọ̀ láìpẹ́" síbi tó yẹ kí o kọ ọjọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti ràn dáadáa.

Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi tẹ èyí. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà mí.

Ọmọ yín